Orí Keje: Títọ Ipasẹ̀ Àwọn Baba Ńlá Wa Nínú Ìwé Ìjọba Amúnisìn

Ohun tí a ó kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

1. sọ oríṣi àkọsílẹ̀ márùn-ún tí a ti lè rí orúkọ àwọn ẹrú tí a gbà sílẹ̀, àwọn tí a lé kúrò nílùú, àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àti àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Èkó;
2. dá orúkọ Yorùbá mọ̀ bó ti wù kí ọwọ́ àjèjì kọ ọ́;
3. tọ ìdílé kan sẹ́yìn, láti ìran dé ìran, pẹ̀lú ẹ̀rí lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan;
4. ṣàlàyé ìdí tí ìwé nìkan kò fi tó, tí ẹnu nìkan kò sì tó.

7.1 Ìbéèrè kan láti Bàrígà

Ẹni tó bá ń gba Bàrígà kọjá kò ní ṣàìmọ CMS Grammar School. Ilé-ìwé náà dàgbà ju Bàrígà tí a mọ̀ lónìí lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Okúdù ọdún 1859 ni wọ́n ṣí i ní Erékùṣù Èkó, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré, nígbà tó ku ọdún méjì kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, James Pinson Labulo Davies, ló yọ £50 sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́kọ́. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kó ilé-ìwé wá sí Bàrígà.

Ẹ wo orúkọ ọ̀gá ilé-ìwé yẹn dáadáa. Kò sí ohun tó jọ Yorùbá nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ni, ní ìyá àti ní baba. Kissy, abúlé kan lẹ́bàá Freetown ní Sierra Leone, ni wọ́n bí i sí ní 1826. Báwo ni Yorùbá ṣe dé Kissy? Ibo ni Macaulay ti wá? Ọ̀nà wo ni ó gbà padà sílé? Bí a bá ní kí àwọn ará ilé nìkan dáhùn, ìdáhùn yóò ku díẹ̀ káàtó. Ìyókù wà nínú ìwé tí àwọn akọ̀wé ìjọba kọ ní Freetown, ní London àti ní Èkó.

7.2 Ìwé tí a fi ka orí

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni wọ́n kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 1788, ọkọ̀ mọ́kànlá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ọsirélíà, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n wá. Láàárín ọdún náà sí 1868, nǹkan bí 162,000 ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà tiwa ni wọ́n kàn kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Ní 1782 wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n sọ di ọmọ ogun wá sí etíkun Gold Coast, tí í ṣe Ghana òní. Ní 1785 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn gbé e yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n máa dà wọ́n sí erékùṣù kan nínú odò Gambia. Àìsàn àti ikú tó gbòde ní apá ibí kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, ni wọ́n bá yíjú sí Ọsirélíà.

Nínú ìwé ẹlẹ́wọ̀n tó ń lọ sí Ọsirélíà, wọ́n á kọ orúkọ, ẹ̀ṣẹ̀, ibi tí a ti dá a lẹ́jọ́, iye ọdún tó fẹ́ lò, bó ṣe ga tó, àwọ̀ ojú rẹ̀, àti àpá tàbí fínfín tó wà lára rẹ̀. Ní Freetown náà, láti 1808 tí ilé-ẹjọ́ tó ń gba ẹrú sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn akọ̀wé ń kọ nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá. Àwọn kan jẹ́ arúfin, àwọn kejì kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìjọba kan náà ló ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì, ọ̀nà kan náà ló sì gbà ń kọ ọ́.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Wọ́n fẹ́ mọ ẹlẹ́wọ̀n bó bá sá. Ní ti Freetown, owó tún wà níbẹ̀: àwọn atukọ̀ ogun ojú omi ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Orí ni wọ́n ń kà. Kò sí èyí tó ń kọ̀wé nínú wọn kí ọmọ-ọmọ ẹnikẹ́ni lè fi rántí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí sọ́kàn kò ní máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò ní rí oríkì níbẹ̀, kò ní rí orúkọ ìyá, kò ní rí àdúgbò. Orúkọ àti ara ni yóò bá pàdé.

7.3 Oríṣi àkọsílẹ̀ márùn-ún

*(i) Ìwé àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní Freetown.* Àwọn ìwé náà wà nílé àkójọ ìwé Sierra Leone ní Fourah Bay College, ẹ̀dà wọn sì wà nílé àkójọ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ní London. Orúkọ tó lé ní 90,000 láti inú wọn àti láti inú irú wọn tí wọ́n kọ ní Havana ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Slave Voyages, ọ̀fẹ́ sì ni. Akú ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Freetown, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìkíni wa ni a fi «ẹ kú» bẹ̀rẹ̀.

*(ii) Ìwé ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìrìnnà ti Bahia.* Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá dìde sí ìjọba ní Salvador, ní ilẹ̀ Brazil. Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Bí wọ́n ti ń mú wọn ni wọ́n ń bi olúkúlùkù ní ẹ̀yà rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, olówó rẹ̀ àti ilé tó ń gbé, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n ju àwọn kan sẹ́wọ̀n. Wọ́n tún ṣe òfin lọ́dún náà tó fún wọn láyè láti lé ẹni tó ti gba òmìnira, tí wọ́n sì fura sí, padà sí Áfíríkà. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀pọ̀ fúnra wọn gba ìwé ìrìnnà, tí wọ́n wọkọ̀ wálé, tí a wá ń pè wọ́n ní Àgùdà. Nínú gbogbo ìtàn wa, àwọn tí a lé ní Bahia yìí ló jọ ẹlẹ́wọ̀n Ọsirélíà jù: wọ́n fi òfin mú wọn, wọ́n fi ọkọ̀ kó wọn sọdá òkun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìhà ilé ni wọ́n lé àwọn tiwa sí.

*(iii) Ìwé ìjọ.* Ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì. Púpọ̀ nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham, àwọn kan sì wà nílé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

*(iv) Ìwé ìjọba Èkó.* Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1863. Ìkànìyàn àkọ́kọ́ wáyé ní 1866. Ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fún àwọn onílé wà pẹ̀lú, orúkọ aládùúgbò ọ̀tún àti òsì sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ìwé ilé-ẹjọ́ àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street náà wà lára wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé àkójọ ìwé tirẹ̀ ní Magodo.

*(v) Ìwé ìròyìn àti álímánáàkì.* Anglo-African bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1863, Lagos Times tẹ̀ lé e ní 1880, Lagos Weekly Record ní 1891. John Augustus Otunba Payne, akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́, ń tẹ álímánáàkì Èkó jáde láti ọdún 1874.

7.4 Etí akọ̀wé, etí tiwa

Ní ọjọ́ 14 oṣù Èbìbí 1835, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́rin ní Salvador nítorí ìdìtẹ̀ tí a mẹ́nu bà lókè. Ọ̀kan nínú wọn ni Jorge da Cruz Barbosa, aláàárù tó ti ra ara rẹ̀ padà. Ìwé ilé-ẹjọ́ fi orúkọ ilé rẹ̀ kún un: Ajahi. Ní àkókò kan náà, ní òdìkejì òkun, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣe olùkọ́ ní Sierra Leone. Òun náà ní orúkọ ilé, wọ́n sì kọ tirẹ̀ ní Adjai. Akọ̀wé Potogí fi *h* sí àárín *a* àti *i*, akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì sì fi *d* ṣáájú *j*. Bí o bá tẹ Ajahi sínú kọ̀ǹpútà, kò ní mú Adjai wá fún ọ. Ṣùgbọ́n pe méjèèjì sókè, ìwọ ọmọ Yorùbá, wàá rẹ́rìn-ín. Àjàyí ni: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú nìyí. Akọ̀wé kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, lẹ́tà èdè tirẹ̀ ló sì fi kọ ọ́. Ọdún 1875 ni àwọn ìjọ tó ṣèpàdé ní Èkó tó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, nítorí náà kò sí òfin kan tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé ṣáájú ìgbà náà. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn rárá. *Gb* lè di *b* tàbí *g* lásán. *Ṣ* lè di *sh* tàbí *ch*, Potogí a sì fi *x* kọ ọ́. Pe orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ní ohùn mẹ́ta, kí o tó sọ pé o kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú àpẹẹrẹ kan. *(Àwa la ṣe é fún ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ẹnì kan pàtó.)*

| Nọ́ńbà | Orúkọ | Ọkùnrin/Obìnrin | Ọdún | Gíga | Àmì |
|---|---|---|---|---|---|
| 412 | Fahboomee | Obìnrin | 13 | ẹsẹ̀ bàtà 4, íǹṣì 7 | Ilà 3 lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan |

*Fahboomee* ni Fábùnmi. A ti mọ̀ báyìí pé ilé onífá ni wọ́n bí ọmọ náà sí, nítorí ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilà mẹ́ta tó dúró lóòró lẹ́rẹ̀kẹ́ lè jẹ́ pélé, ẹni tó mọ ilà sì lè fi ìyẹn dín ibi tí a ó wá dé kù. Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Akọ̀wé wo ojú ọmọ, ó sì méfò.

*Ẹ ṣọ́ra.* Orúkọ àmútọ̀runwá dùn ún dá mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ni lọ́nà. Òjó, Àìná, Ìgè, Dàda, Táíwò àti Ìdòwú kò ní ìlú. Kò sí ibi tí wọn kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí o bá rí Òjó nínú ọkọ̀ kan, tí baba ńlá rẹ sì ń jẹ́ Òjó, o kò tíì rí nǹkan kan. Ó di ìgbà tí orúkọ, ọkọ̀, abúlé tí wọ́n fi í sí ní Sierra Leone àti ìtàn ilé bá bára mu kí o tó sọ pé òun ni.

Orúkọ a tún máa pa dà lẹ́yìn tí ènìyàn bá dàgbà. Ẹni tí ìwé ń pè ní David Brown Vincent títí di 1894 ni ìwé ń pè ní Mojola Agbebi lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé Vincent kú.

7.5 Àpẹẹrẹ: láti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé Òṣogùn

Ìlànà wa ni pé ẹ̀yìn ni a ń rìn sí, láti ẹni tí a mọ̀ dé ẹni tí a kò mọ̀. Ìdílé ọ̀gá ilé-ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni a ó lò.

*Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé ẹ̀wọ̀n.* Ọmọ Babington Macaulay ni Herbert Macaulay. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìjọba amúnisìn nìkan la ní, ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì ni, ní 1913 àti ní 1928, èyí tó sì dí i lọ́wọ́ láti du ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lórí owó náírà kan. Ìwé ẹ̀wọ̀n ń sọ ohun tí adájọ́ sọ ní ọjọ́ kan. Má fi ọjọ́ kan ka gbogbo ayé ènìyàn.

*Ìgbésẹ̀ kejì: ìbí.* Èkó ni wọ́n bí Herbert sí ní ọjọ́ 14 oṣù Bélú 1864, ní ọdún kejì òfin ìforúkọsílẹ̀. Baba rẹ̀ kú ní 1878. Ìyá rẹ̀ ni Abigail, ọmọ Samuel Ajayi Crowther, olùkọ́ tí a rí lókè tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Adjai. Ọ̀nà pín sí méjì níbí. Ti ìyá ni a ó tọ̀.

*Ìgbésẹ̀ kẹta: ìrìbọmi.* Ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1825 ni Àjàyí ṣe ìrìbọmi ní Sierra Leone, tó gba orúkọ Samuel Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní London ni. Ẹni tó bá tẹ̀ lé «Crowther» láìwo ọ̀tún wo òsì yóò dé London, yóò bá ìdílé òyìnbó kan níbẹ̀, yóò sì ti ṣìnà pátápátá. Nígbà tí ìwé ìrìbọmi bá dé ọwọ́ rẹ, orúkọ tó wà *ṣáájú* rẹ̀ ni kí o wá.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọkọ̀.* Ọkọ̀ Potogí tó ń jẹ́ Esperança Félix ni wọ́n kó o sí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, gba ọkọ̀ náà mú. A ti ní ọjọ́, a ní èbúté, a ní orúkọ ọkọ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá ti dé ọwọ́ ẹni, a ti kúrò nínú ìtàn gbogbo ẹrú, a ti dé orí ìtàn ẹnì kan.

*Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu onítọ̀hún.* Ní 1837 Crowther kọ lẹ́tà tó fi sọ bí wọ́n ṣe kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, ní 1821, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Irú àkọsílẹ̀ yìí ṣọ̀wọ́n. Ìlú, ilé àti ìyá kò sí nínú ìwé tí akọ̀wé kọ. Inú èyí tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ la ti rí wọn.

Ohun kan kù. Ní oṣù Ògún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Crowther àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, tún ojú ara wọn rí ní Abẹ́òkúta. Kò sí réjísítà tó mú wọn pàdé. Ìyá ló gbúròó pé ọmọ òun ti dé, tó sì wá a wá. Ìwé ló fún wa ní ọkọ̀. Ẹnu ló fún un ní ìyá.

7.6 Ohun tí ilé ń fi pamọ́

Ní Ọsirélíà, fún ìgbà pípẹ́, àwọn ìdílé ń fi í pamọ́ pé ẹlẹ́wọ̀n ni baba ńlá àwọn. Lónìí, ẹni tó bá rí orúkọ ẹlẹ́wọ̀n nínú ìran rẹ̀ a máa fi yangàn, UNESCO sì ti ka àwọn ìwé ẹlẹ́wọ̀n náà mọ́ ohun ìrántí gbogbo ayé ní 2007. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ẹrú ṣì wúwo nílé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè lọ́wọ́ àgbà bóyá wọ́n ra ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí, tàbí wọ́n tà á, ó ṣeé ṣe kí àgbà náà yí ọ̀rọ̀ padà. Ó lè bi í bóyá ó ti jẹun. Àgbà náà ń dáàbò bo ẹnì kan tó ń gbé inú ilé kan náà ni, torí pé ọ̀rọ̀ ẹrú lè di ọ̀rọ̀ ogún àti ilẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, kí wọn dáadáa, kí o béèrè oríkì. «Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ki bàbá tó bí yín?» Inú oríkì ni ìlú máa ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, béèrè èèwọ̀ ilé. Àṣírí tí wọ́n bá sọ fún ọ, béèrè kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìwọ fúnra rẹ sì fi í sọ́kàn pé ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ.

7.7 Iṣẹ́ ojú pápá ní Ṣómólú

Má retí pé wàá rí Ṣómólú tàbí Bàrígà nínú ìwé ìkànìyàn Èkó ti 1866. Erékùṣù ni ọkàn ìlú nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ìdílé tó wà ní àdúgbò méjèèjì lónìí ló wá láti Ìjẹ̀bú, láti Ìlàjẹ àti láti ibòmíràn ní ọ̀rúndún ogún. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ọmọ Ṣómólú ni pé: kí ìdílé wa tó dé ibí, níbo la wà?

Ṣùgbọ́n Ṣómólú ní ohun kan tí Kew kò ní. Ibẹ̀ ni ibùdó iṣẹ́ ìtẹ̀wé Èkó. Wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jọ́rú tàbí lọ́jọ́bọ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord ń lù kì-kì-kì, òórùn yíǹkì gba imú, ọmọ iṣẹ́ kan ń to bébà sábẹ́ abẹ ìgébébà, nítorí ìsìnkú wà lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tí wọ́n ń gé ni ìwé ètò ìsìnkú. Ṣí i wò. Ọjọ́ ìbí olóògbé wà níbẹ̀, àti orúkọ baba àti ìyá, ìlú, ilé-ìwé, ìjọ tàbí mọ́sálásí, ọmọ, ọmọ-ọmọ, àti orúkọ àgbà ẹbí. Ọ̀pọ̀ ohun tí akọ̀wé Freetown kò béèrè ni àwọn ọmọ olóògbé ti kọ sílẹ̀ fúnra wọn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìwé yìí kan náà ni wọ́n ń fi pọ́n àkàrà.

Àkópọ̀

Ìwé ìjọba amúnisìn ka orí, kò ka ìran. Ẹ̀yìn ni a ń rìn sí bí a bá ń tọ ipasẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Pe orúkọ sókè kí o tó kọ̀ ọ́. Má fi orúkọ àmútọ̀runwá nìkan ṣe ẹ̀rí. Orúkọ ìrìbọmi kì í sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Níbi tí ìwé bá parí sí, oríkì, ilà àti èèwọ̀ lè máa bá ọ lọ.

Ìdánrawò

1. Kí ló mú kí ìwé ẹlẹ́wọ̀n Ọsirélíà àti ìwé àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní Freetown jọra? Kí ni ìyàtọ̀ wọn?
2. Ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sókè, kí o sì kọ wọ́n bí Yorùbá òde òní ti ń kọ ọ́: *Ahinah, Dadah, Ohjo, Shangobumee, Xangodele, Egay*. Èwo nínú wọn ló sọ nǹkan kan fún ọ nípa ilé tí a bí ẹni náà sí? Èwo ni kò sọ?
3. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí «Òjó, ọmọ ọdún 20» nínú ìwé Freetown, ó sì sọ pé baba ńlá òun nìyẹn. Béèrè ìbéèrè mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀.
4. Wá ìwé ètò ìsìnkú kan nínú ilé yín tàbí ní àdúgbò. Fi ya igi ìdílé ìran mẹ́ta. Fi àmì sí ibi tí ìwé náà kò ti sọ nǹkan.
5. Kọ ohun tí o mọ̀ nípa ìdílé rẹ sí ojú ewé kan: orúkọ, oríkì, ìlú, ọ̀nà tí ẹ gbà dé àdúgbò yín. Lábẹ́ rẹ̀, kọ ọjọ́ tí o kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ. Àwọn akọ̀wé Freetown kò kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ wa fi pọ̀ tó báyìí.